Àpótí Ìwé àti Ẹsẹ̀ Tó Ń Délé: Bí A Ṣe Ń Darí Ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀gá Ológun Tó Ti Fẹ̀yìntì ní Kétu

Ẹ̀yin àgbà ológun, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ti Pọ́bẹ̀, Sakẹ́tẹ́ àti Ìfàngní wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ará Sábẹ tí ẹ ti wọkọ̀ láti ìdájí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin opó ológun tí a fi sí ìjókòó iwájú, ẹ̀yin gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ kí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, lọ́wọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ.

Wọ́n ní kí n sọ bí a ṣe ń darí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ológun tó ti fẹ̀yìntì ní ìlú bíi Kétu níbí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹ̀ka wa. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti rí i tí ẹ̀ka yìí fẹ́ tú mọ́ wa lọ́wọ́, ohun kan náà ló sì wà nídìí méjèèjì: a rò pé bí a ṣe darí sójà ní bárékè la ó ṣe darí ẹgbẹ́, kí ọ̀gá sọ̀rọ̀, kí ọmọ iṣẹ́ fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ẹgbẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fẹ̀yìntì lè dìde láàárín ìpàdé, kó dé fìlà rẹ̀, kó gba oko lọ, kò sì sí àtìmọ́lé tí a lè fi í sí. Ohun tó ń mú un padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e kò ju méjì lọ: ìwé rẹ̀ tó wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ wa, àti ẹsẹ̀ wa tó ń dé ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò ọ̀rá kan.

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn báyìí. Obìnrin kan gun zémìjàn, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, wá sílé mi láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó sanwó, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé àpò ọ̀rá dúdú kan lé orí tábìlì, irú èyí tí wọ́n ń di ẹja sí lọ́jà. Ọkọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bíi sójà lásán, ó fi ọdún gígùn gun òkè, ó sì fẹ̀yìntì ní líyẹ́tẹ́náǹ. Oṣù kẹjọ rèé tó ti kú. Ìyá náà ń yọ ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ lọ aṣọ. Ìwé ìbí. Ìwé iṣẹ́ ológun. Ìwé ìgbéyàwó. Káàdì ìdánimọ̀. Ìwé ikú. Ìwé márùn-ún ni, orúkọ mẹ́ta ló wà nínú wọn.

Ọkùnrin náà kò yí orúkọ padà rí láyé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ orúkọ Yorùbá lọ́wọ́ akọ̀wé Faransé mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ bí Adéṣínà. Akọ̀wé àkọ́kọ́ gbọ́ «ṣ», ó fi «ch» kọ ọ́: Adéchina. Èkejì gbọ́ bí ohùn ṣe ń gba imú jáde lẹ́yìn «n», ó fi òmíràn kún un nípàárí: Adéchinan. Ẹ̀kẹta ti gbé Nàìjíríà rí, ó kọ Adesina. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ kan náà ni ìyá rẹ̀ ń pè. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n, méjì nínú wọn kò sì tíì kú. Ẹ wá fi ọjọ́ ìbí kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ «né vers» sí nínú ìwé, ìyẹn ni pé ní nǹkan bí ọdún báyìí ni wọ́n bí wa. Akọ̀wé mìíràn ní ọ́fíìsì mìíràn a sì ti mú ọjọ́ kan ní pàtó fi sí i.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló gbà kí ìwé ìyá náà tó tọ́. Ó lọ sí Pọ́bẹ̀, ó lọ sí Àjàṣẹ́, ó lọ sí Kútọnu, ó tún padà. Ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo tó fi ń jẹun, ó tà á láti fi wọkọ̀. Ohun tó dùn mí jù, tó sì ń dùn mí di ọ̀la, ni pé àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ yìí la bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. A mọ irú bàtà tó máa ń wọ̀. A mọ orin tó máa ń kọ bó bá ń fá irùngbọ̀n. A ti bá a jẹ, a ti bá a mu, a ti bá a sọ ìtàn ogun títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò bá a ka ìwé rẹ̀ rí, àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ìgbà náà ni a ti fi ìwé ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ka wa. A ra àpótí irin kan tó ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ alága. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ni a ń tọ́jú, ojúlówó wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìwé ìbí rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, ìwé tí wọ́n fi gbà á sí iṣẹ́, ìwé oyè kọ̀ọ̀kan tó gbà, ìwé ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà tó fi ń gba owó, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà. Lójú ìwé àkọ́kọ́, a to orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, lẹ́tà kò yingín. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, a fi bírò pupa fàlà sí i. Ìlà pupa yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Ẹni tó wà láàyè lè dúró níwájú adájọ́ kó ní, «Èmi ni wọ́n kọ báyìí, èmi náà ni wọ́n kọ báyẹn,» kí wọ́n sì bá a tún un ṣe. Òkú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Opó rẹ̀ ni yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri.

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. Ọmọ ẹgbẹ́ 31 ni wá nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, fáìlì 7 péré ló wọlé. Ẹnìkan ní kí ló kan akọ̀wé pẹ̀lú iye ọmọ tí òun bí. Òmíràn ní kéèyàn máa kó ìwé ikú jọ lójú ayé rẹ̀, bí ẹni ń pe ikú ni. Mo kọ lẹ́tà, mo pàṣẹ, mo fi owó ìtanràn halẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà. Ohun tó yí i padà ni alága wa. Ní ìpàdé kan, ọ̀gá tó ga jù nínú gbogbo wa dìde, ó gbé fáìlì tirẹ̀ síwájú, ó sì ka ìlà pupa tirẹ̀ sétí gbogbo èèyàn: ìwé ìbí rẹ̀ sọ ọdún kan, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sọ òmíràn, orúkọ bàbá rẹ̀ sì ti di orúkọ àdúgbò nínú ìkẹta. Ó ní, «Èmi náà rèé. Bí mo bá kú lálẹ́ òní, ìyàwó mi ti wọ wàhálà.» Kí oṣù yẹn tó parí, fáìlì 22 ti wọ inú àpótí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá láti kékeré, n kò rí àṣẹ tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò sì pàṣẹ kankan.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá kù. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n n kò ní fò ó. Láti 2004 tí òfin ẹbí wa ti jáde, ìgbéyàwó tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní mẹ́ríì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, nìkan ni òfin Bẹ̀nẹ̀ mọ̀, ọkọ kan, ìyàwó kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, púpọ̀ nínú wa ló gbé ìyàwó pẹ̀lú ẹmu, obì àti àdúrà, tí gbogbo ìdílé jẹ́rìí sí, tí a kò sì dé mẹ́ríì rí. Àwọn mìíràn ní ìyàwó méjì: èyí tó bá a gbé bárékè títí, kò níwèé, èyí tó fẹ́ lẹ́yìn náà ló níwèé. Mo ti jókòó sí ìpàdé ẹbí tí ìyá tó fi ọdún 34 ká aṣọ ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé orúkọ òun kò sí níbì kankan. Ìpàdé ẹbí yẹn fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ yóò fọwọ́ sí kí ohunkóhun tó lè rìn. Bí ìdílé bá ń jà, kò ní rìn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń ṣí fáìlì, a máa ń béèrè pé: ìyàwó wo ni ìwé mọ̀? Ìyókù ńkọ́, kí lo ti ṣètò fún wọn? Ẹni tó bá fẹ́ kí òun àti akọ̀wé nìkan sọ ọ́, àyè wà. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ béèrè.

Ìtàn iṣẹ́ wa fúnra rẹ̀ ti fi agbára ìwé hàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà kò lè gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 1977, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kan já àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fowó gbà sí pápákọ̀ Kútọnu, tí Bob Denard, ọmọ Faransé, kó wọn wá láti gba ìjọba. Wákàtí díẹ̀ ni ìjà náà gbà, wọ́n sì sá wọkọ̀ padà. Nínú ìkánjú wọn, wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀. Inú ìwé yẹn ni ètò wọn ti tú síta. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn èèyàn wá wádìí ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìbọn lé wọn lọ. Ìwé ló sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Bákan náà ni ti àwọn bàbá wa tó jagun fún Faransé. Ní 1959, Faransé ṣe òfin tó so owó ìfẹ̀yìntì àwọn sójà ilẹ̀ tó ń gba òmìnira mọ́lẹ̀ síbi tó wà, kò sì jẹ́ kó bá ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Faransé lọ sókè mọ́. Sójà méjì lè ti jọ wà nínú kòtò kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ń gba owó gidi, èkejì ń gba owó iyọ̀. Sájẹ́ǹtì kan ní Senegal, Amadou Diop, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ àgbà ìjọba ní Paris. Ó kú kí ẹjọ́ náà tó parí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2001, ilé ẹjọ́ dá a láre. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì tún di ọdún 2011 kí wọ́n tó mú gbogbo owó náà dọ́gba pátápátá. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó kú ló jàre, torí pé ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní gbogbo ilẹ̀ wa yìí, àwọn ìdílé kan wà tí bàbá wọn lè ti ní ẹ̀tọ́ nínú owó yẹn, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ìwé rẹ̀ nínú àjà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí ìlú ṣe ń wò wá, torí pé ẹ̀ka tí kò bá mọ ìyẹn yóò kọsẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kétu mọ ogun. Ẹ ó gba iwájú Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ ìlú yìí, kọjá bí ẹ bá ń padà lọ. Yàrà àti odi yí ìlú yìí ká, síbẹ̀ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ọ ní 1886, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún un kọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé, tí Faransé ń fi agbára kó ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn bàbá wa kò yọ̀ mọ́ ọn; ọ̀pọ̀ ló di ẹrù rẹ̀ lóru, tó kọjá ààlà lọ bá ìbátan wọn lápá ibi tí Ìmẹ̀kọ wà. Lẹ́yìn òmìnira, ìlú rí ológun tó gbàjọba ní 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969, àti ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1972 tí Kérékou dé. Ẹni tó ti dàgbà ní Kétu tó bá rí ogún ọ̀gá ológun tí wọ́n ń wọ inú gbọ̀ngàn kan ní àárọ̀ Sátidé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá já.

Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ṣílẹ̀kùn. Ní tòótọ́ ni mo wí: ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wa kì í tì nígbà ìpàdé. Kí ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀ rárá, a mú lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ olórí ìlú ní mẹ́ríì àti sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, a sì lọ kí Kábíyèsí Alákétu láàfin, kí gbogbo wọn mọ ẹni tí a jẹ́ àti ohun tí a fẹ́ máa ṣe. Òfin ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1901 tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ni ẹgbẹ́ wa gùn lé nígbà tí a dá a sílẹ̀: ìpàdé ìdásílẹ̀, òfin ẹgbẹ́, orúkọ àwọn olóyè, kí a sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ má ṣe sáré fo èyíkéyìí nínú rẹ̀ nítorí pé gbogbo yín mọ ara yín. Ní ti òṣèlú, ọmọ ẹgbẹ́ wa lè wọ ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá wù ú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ wa, fìlà bẹ́réè wa àti àmì ẹ̀yẹ wa kò gbọdọ̀ dé orí pápá ìpolongo. Ní ọdún ìdìbò kan, ẹnìkan wọ bẹ́réè lọ síbẹ̀. A pè é, a bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó bẹ̀ wá. A kò kéde rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè. Ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ni wá. Ní Kútọnu, ó rọrùn, wọ́n pọ̀. Ní Kétu, bí a bá ka ọ̀gá tó ti fẹ̀yìntì láti ìgboro dé Idigny dé Adakplamè, wọn kò lè gbé pósí kan dé itẹ́ láìsinmi. Nítorí náà, a ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ajudáǹ àti sájẹ́ǹtì, tí oyè wọn kò tó ti ọ̀gá, a sì fún wọn ní ìbò. Àwọn kan bínú. Mo sọ fún wọn nígbà náà, mo sì tún ń sọ ọ́ lónìí: ẹni tó gbé ọ lẹ́yìn nígbà tí ìbọn bà ọ́, o kò lè ní kó dúró síta nígbà tí o bá ń jẹun. A fi àga yí ká nínú gbọ̀ngàn, kò sí tábìlì gíga. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń yan àga. Tí a bá ń kí ara wa, a ń pe oyè, torí pé ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń dìbò, ọwọ́ kan, ìbò kan. Mo ti rí i tí kápítẹ́ẹ̀nì pàdánù ìbò sọ́wọ́ sájẹ́ǹtì lórí ọ̀rọ̀ iye owó oṣù, tó sì jẹ́ pé òun gan-an ló kọ́kọ́ san owó náà.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 1.000 sẹ́fà ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù. Akápò kò gbọdọ̀ ní ju 50.000 sẹ́fà lọ nílé. Ìyókù ń lọ sí báńkì, olóyè méjì ló sì ń fọwọ́ síwèé kí ó tó jáde. Ní ọdún kan, ẹnìkan tó ń tọ́jú owó wa fi owó ẹgbẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi ra ajílẹ̀ sí oko àgbàdo. Òjò kò rọ̀. Kì í ṣe olè. Àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n oṣù méje ni a fi wo ojú ara wa láìsọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ka ìwé owó sókè ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, akápò kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá èsúsú, ẹ dá a, ó dára. Ẹ jẹ́ kó ní àpótí tirẹ̀ àti olórí tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ tó ń délé ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa tí kò ní ilé méjì tó ń bẹ̀ wò, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kì í ṣe ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ o. A ń fà á nínú fìlà lọ́dọọdún ni. Ó lè jẹ́ ilé opó, ó lè jẹ́ ilé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá jókòó, ó lè jẹ́ ilé ẹni tí etí rẹ̀ ti di láti ìgbà tó ti ń yin ìbọn ńlá. Ẹni tó bá lọ yóò wo nǹkan mẹ́ta: ṣé ó ń jẹun, ṣé oògùn rẹ̀ wà, ṣé owó ìfẹ̀yìntì wọlé. Yóò sọ ọ́ ní ìpàdé. Bí ó bá ṣòro láti sọ níwájú èèyàn, yóò sọ ọ́ fún èmi nìkan.

Ọkùnrin kan wà lára ilé tí a fà fún mi ní ọdún kan. Kò jìnnà sí ibí. Ó ti lọ sí iṣẹ́ àlàáfíà Àjọ Àgbáyé nílẹ̀ òkèèrè. Sójà Bẹ̀nẹ̀ ti lọ sí Kóńgò, sí Côte d'Ivoire, sí Mali, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo rí i pé àga rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Mo fẹ́ jókòó sí àga tó wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn, ó ní, «Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dí mi lójú.» Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìnkùlé pé ọdún kẹfà rèé tí kò sun òru dé òpin. Bí ọmọ bá já ìkòkò, ó ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Àdúgbò ń sọ pé ayé ló ń ṣe é. Àwọn ẹbí ti gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀.

N kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé àga mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà. A jókòó bẹ́ẹ̀, a ń wo ilẹ̀kùn, ó tó wákàtí kan. Lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Lóṣù kẹrin ló tó sọ ohun tó rí lójú ọ̀nà kan tó jìnnà sílé, nígbà tí ọkọ̀ iwájú tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. N kò ní sọ ọ́ níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbà kí n bá òun lọ rí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ní ìlú ńlá. Ó ń lo oògùn títí di òní. Ó ń wá sí ìpàdé, àga ẹ̀gbẹ́ ògiri ni tirẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀ pé a kì í jókòó síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé iṣẹ́ yìí ń pọ̀ sí i ni. Láti 2022 ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣọ́ àríwá lábẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mirador. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé sójà 54 ló kú nínú ìkọlù ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 2025 lápá igbó ọba tí wọ́n ń pè ní W. Àwọn opó ọjọ́ náà kéré lọ́jọ́ orí sí àwọn ọmọ tí èmi bí. Àwọn tó sì padà wálé láàyè, àga wọn yóò kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ibikíbi tí ẹ bá ti dá ẹ̀ka sílẹ̀, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ́kọ́ rí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá yín níbi tí ẹ ti ń jiyàn lórí ẹni tí yóò jókòó sí àga iwájú.

Ó ku ìsìnkú, mo sì fẹ́ sọ ohun kan péré nípa rẹ̀. Ní ìsìnkú kan tí a ṣe, ọ̀gá méjì jiyàn lórí ẹni tí yóò ka ìtàn ayé olóògbé, òkú wà nílẹ̀, oòrùn ń yí, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò wá. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ẹgbẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́: ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, ẹni tí yóò gba àsíá, bóyá ó fẹ́ fèrè tàbí kò fẹ́. Púpọ̀ nínú wa ní Kétu jẹ́ Mùsùlùmí, ìsìnkú wọn kì í sì dúró de kí sójà ti Kútọnu dé. Fún irú wọn, ọjọ́ fídáù la máa ń wọ bẹ́réè lọ, a ó dúró ní ìlà kan, a ó sì ka iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú sétí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá tó gbé àpò ọ̀rá wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́sí ló ń bá wa ṣètò oúnjẹ ọjọ́ náà. Owó ọkọ rẹ̀ ti ń wọlé. Ó ti ra ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo mìíràn, òun náà sì ti ní ilé méjì tó ń bẹ̀ wò.

Tábìlì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ẹ bá ń jáde. Ọmọ mi obìnrin ló jókòó síbẹ̀, ó ti fàlà sí ìwé sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé ìbí, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé iṣẹ́ ológun, kí ẹ sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tí kò bá rántí, kó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, a ó pè é kó tó délé. Bírò pupa wà níbẹ̀.